Ìwé ti wà nílẹ̀, òǹkàwé dà? Ìdáhùn fún Màmá Tíṣà ní Ìsánlú

Okun o, Màmá. Mo ti ka ìbéèrè yín, mo tún un kà, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀. Kí àwọn tó kù lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní ṣókí. Màmá ṣe tíṣà ní ilẹ̀ Yàgbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, fún ọdún 35, wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, Ìsánlú ni wọ́n ń gbé. Láyé ọjọ́un, pọ́bílíṣà kan n'Íbàdàn tẹ ìwé ìtàn kan fún wọn, ìwé náà tà fúngbà díẹ̀, ó wá di àwátì lọ́jà, pọ́bílíṣà ọ̀hún ò sì dá lẹ́tà padà mọ́. Ní báyìí ìtàn méjì míì ti wà nílẹ̀ nínú nótúbúùkù, àfọwọ́kọ ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin l'Ábújá ní kí wọ́n yáa tẹ 1,000 kí wọ́n fi ṣe lọ́ǹṣìn, ìyẹn ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ìwé, ẹlòmíì kan sì tún ń pè wọ́n lórí fóònù pé tí wọ́n bá lè san owó gọbọi kan, òun á sọ wọ́n di òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀. Màmá wá ń bèèrè pé ṣé àwọn lè tẹ ìwé fúnra àwọn lọ́jọ́ orí yìí, ta ló sì máa kà á.

Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, Màmá. Ìyẹn gan-an ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lónìí lè rí ìwé ẹ̀ dì mú kí oṣù tó parí. Ìbéèrè kejì yẹn ni iṣẹ́ wà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ di àkọ́kọ́, ẹ wá òǹkàwé ná kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí pọ́bílíṣà wà láàárín, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìwé lọ sí síkúùlù, tó ń bá hẹ́dímásítà sọ̀rọ̀, tó mọ àwọn tó ń tàwé ní Ìlọrin àti Lọ́kọ́jà. Ẹ̀yin kọ̀wé, ó parí, ìyókù di tiwọn. Báyìí ẹ̀yin nìkan lẹ máa ṣe gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ tẹ 1,000 láìtíì mọ orúkọ èèyàn 50 tó fẹ́ ẹ, pálọ̀ yín ni páálí ìwé máa jókòó sí, ikán ilẹ̀ wa ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n.

Ta wá ni òǹkàwé yín? Ẹ má wò ó jìnnà. Ẹ fi ọdún 35 kọ́ ọmọ. Ká ní ọmọ 30 péré lẹ ń gbà lọ́dún, ìyẹn ti lé ní 1,000, mo sì mọ̀ pé kíláàsì ayé ìgbà yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ báyìí, òmíì wà l'Ábújá, òmíì l'Ékòó, òmíì ti dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì mọ ohùn yín, wọ́n mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ìtàn nígbà tí bẹ́ẹ̀lì bá kù díẹ̀ kó lù. Òǹkọ̀wé ọmọ ọdún 25 tó ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ dalẹ́ ò ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ o, gbogbo àwọn tó ń tẹ̀lé e àjèjì ni. Nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí mi pé ẹ̀yin ti dàgbà jù fún nǹkan òde òní, n ò gbà fún yín, ọjọ́ orí yín ni ọjà yín.

Bí mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é rèé. Ẹ mú nótúbúùkù tuntun kan, kẹ́ ẹ máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ iléèwé yín àtijọ́ tẹ́ ẹ bá rántí sínú ẹ̀, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n wà àti nọ́ńbà fóònù wọn tó bá ṣeé rí. Ọ̀pọ̀ iléèwé lágbègbè wa ló ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lórí WhatsApp báyìí, ẹnì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá rí nínú gúrúùpù kan á mú yín dé ọ̀dọ̀ ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn tó ń ṣe mítìnì ní ìparí oṣù l'Ábújá, Èkó, Ìlọrin. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ má kàn já wọ gúrúùpù kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da ìtàn lé àwọn èèyàn lórí o, ẹ bá ádímìn sọ̀rọ̀ kọ́kọ́, ẹ ní ẹ̀yin Màmá Tíṣà báyìí-báyìí ni, ẹ fẹ́ máa fi ìtàn kékeré ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ṣé ó dáa. Ta ló fẹ́ sọ fún tíṣà ẹ̀ pé rárá?

Ìtàn náà, orí-orí ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà àwọn ọmọ ayé òde òní lèyí. Lọ́dún 1929 wọ 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí I. B. Thomas ń ṣe l'Ékòó ń gbé ìtàn ìgbésí ayé obìnrin kan jáde bíi lẹ́tà, díẹ̀díẹ̀ ni, àwọn èèyàn ń dúró dè é, àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà lórí ẹ̀, ìgbà tí àriwo ẹ̀ ti gbalẹ̀ tán ni wọ́n tó kó o pọ̀ di ìwé. Òǹkàwé ti wà nílẹ̀ kí ìwé tó jáde. Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn, WhatsApp àti Facebook ló kàn dípò ìwé ìròyìn.

Ẹ jẹ́ kó kúrú, ohun téèyàn lè kà tán nínú mọ́tò láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ́. Ẹ gé e síbi tó dùn. Ọjọ́ kan náà, àkókò kan náà, lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, torí ìgbà téèyàn bá ti mọ ọjọ́ ló máa ń dúró de nǹkan, tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ lónìí tẹ́ ẹ wá dákẹ́ fún oṣù kan, ẹ ti tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún fi ohùn sí i, ẹ ka ìdá kan nínú ẹ̀ sínú voice note, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́rin. Mo fẹ́ràn apá yìí jù fún yín, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun gbọ́ Yorùbá dáadáa àmọ́ wọn ò lè kà á kó yá, ohùn yín ló máa mú wọn wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì gbé e fún àwọn ọmọ wọn láti gbọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, broadcast list WhatsApp ń gba èèyàn 256 nínú list kan, ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù ẹ̀ nìkan ló sì máa rí i gbà, nítorí náà gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bá gbogbo wọn sọ ni pé kí wọ́n jọ̀ọ́ sévù nọ́ńbà yín.

Tí wọ́n bá fèsì, ẹ dá wọn lóhùn. Bí ẹ bá ń rántí pé ẹni yìí ni olórí kíláàsì lọ́dún báyìí, ẹ sọ ọ́ fún un. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ń gba àkókò, dátà náà ń lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni òǹkàwé ti ń di oníbàárà. Tẹ́ ẹ bá fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìtàn náà ránṣẹ́ tán, ẹ dúró. Ẹ ní ìyókù wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ kí ó kọ orúkọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ iye tẹ́ ẹ máa tẹ̀, yálà 80 ni o, 150 ni o, ẹ ò ní máa méfò.

Ẹ̀rù tẹ́ ẹ ní pé wọ́n á jí i, ó yé mi. Àmọ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, sọ pé iṣẹ́ yín di tiyín látìgbà tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ẹ̀tọ́ yẹn sì máa wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé bá jáde láyé, àwọn ọmọ-ọmọ yín ṣì máa jẹ nínú ẹ̀. Tọ́kàn yín ò bá balẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ìyẹn NCC (Nigerian Copyright Commission) ti àwọn òǹkọ̀wé, kì í ṣe NCC ti fóònù o, máa ń gba orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rí lásán ni, kò sì pọn dandan. Olè tó wà lóòótọ́ ni ti PDF tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Ìyẹn ò ṣeé dá dúró pátápátá, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè dá a dúró irọ́ ló ń pa. Ìdí nìyẹn tí n ò fi ní kẹ́ ẹ ju odindi ìwé sínú gúrúùpù.

Ẹ tún bi mí pé ṣé Yàgbà ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ ni tàbí Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà. Ní tèmi, ẹ fi Yorùbá gbogbogbò sọ ìtàn, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí àwọn èèyàn inú ẹ̀ máa sọ Yàgbà láàárín ara wọn, kí Owé sọ Owé, kí ará Bùnú tó wá sọ́jà sọ Bùnú. Èèyàn Ọ̀yọ́ àti Èkìtì á lè tẹ̀lé e, ọmọ Okun, ìyẹn àwa Yàgbà, Owé, Bùnú àtàwọn tó kù, á sì máa rẹ́rìn-ín nítorí ó ń gbọ́ ìyá ẹ̀ nínú ìwé, ohun tí ò wọ́pọ̀ rárá ni. Bí gbólóhùn kan bá le jù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó dá a lóhùn sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé òǹkàwé, ẹ má fi àlàyé sísàlẹ̀ ojú ìwé, ìyẹn ti iléèwé ni.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ náà ń bẹ. Nínú lẹ́tà yín mo rí aiye, enia, nwọn, otitọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ yín, kò burú, ṣùgbọ́n lọ́dún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, gbogbo ẹni tó kọ́ Yorùbá ní síkúùlù lẹ́yìn ìgbà yẹn, ayé, ènìyàn, wọ́n, òtítọ́ ni wọ́n mọ̀. Tí ìwé yín bá jáde ní àkọtọ́ àtijọ́, tíṣà Yorùbá kan ò ní lè gbé e fún ọmọ kíláàsì ẹ̀. Ẹ má da ara yín láàmú láti yí i padà fúnra yín, ẹ kọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá sanwó fún ẹnì kan tó kàwé Yorùbá yanjú, kó bá yín tún un ṣe láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ máa ná, èyí ni mo ní kẹ́ ẹ má dín kù. Ìwé tí kọ́fà ẹ̀ rẹwà tí àṣìṣe kún inú ẹ̀ máa ń dójú ti tíṣà ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kẹ́ ẹ tó gbé nótúbúùkù yẹn fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ọmọ-ọmọ kan nínú ilé fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó sì fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjì tó wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò rò ó. Iná, òjò, eku, ọmọdé tó ń wá bébà, gbogbo wọn ló ń ka ìwé àfọwọ́kọ. Lẹ́yìn náà ni títáìpù. Àwọn ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà máa ń táìpù láìsí àmì kankan, wọ́n á ní kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù àwọn, bẹ́ẹ̀ Gboard, kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń lò lórí fóònù Android, ní Yorùbá, ó kàn jẹ́ pé wọn ò wá a ni. Ẹ wá ọmọ yunifásítì kan tó ń kọ́ Yorùbá, irú wọn wà nílé nígbà họlidé, kẹ́ ẹ ka ìtàn náà sí fóònù yín, kó máa gbọ́ kó máa táìpù. Ó máa ń yá ju kó máa wo ọwọ́ ìkọ̀wé yín lọ, bẹ́ ẹ bá sì ń kà á sókè lẹ máa gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọsẹ̀.

Fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ló tún kù. Àwọn príntà kan á gba fáìlì yín tó dáa, á dé orí kọ̀ǹpútà wọn, gbogbo ẹ, ọ, ṣ yín á di àpótí kéékèèké tàbí kí àmì ohùn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Charis SIL àti Gentium, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n gbé àmì Yorùbá dáadáa. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ ní kí príntà tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo fún yín, kí ọ̀rọ̀ bíi ẹ̀gbẹ́, ọ̀ṣọ́, ìṣẹ́jú, gbọ̀ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi awò yín wò ó. Tí àmì bá ti wà lórí àti ìsàlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó kọjá.

Ẹni tó ń pè yín lórí fóònù yẹn wá ńkọ́. N ò mọ̀ ọ́n, n ò sì ní bú u, àmọ́ ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Orúkọ ta ni ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, máa wà? Ta ló ni fáìlì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ṣé wọ́n á kó PDF àti fáìlì tó ṣeé tún ṣe fún yín? Ìwé wo ni wọ́n ti tà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti tẹ̀ o, èyí tí wọ́n ti tà, fún òǹkọ̀wé míì tẹ́ ẹ lè pè? Púpọ̀ nínú wọn, ìbéèrè kẹta yìí ni wọ́n máa ń sá fún. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ti jèrè tirẹ̀ kí ìwé tó jáde, kò sí ìdí tó fi máa wá òǹkàwé fún yín. Sísanwó fún iṣẹ́ ò burú, ẹ sanwó fún ẹni tó tún un ṣe, ẹ sanwó fún ẹni tó ya kọ́fà, ẹ sanwó fún príntà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ní ti kọ́fà, ẹ má gbà kí wọ́n lọ gbé àwòrán kankan lórí Google, ẹni tó ni ín wà níbì kan. Àwọn àpáta tó yí wa ká yìí, ẹ ní kí ọmọ kan fi fóònù tó dáa yà á láàárọ̀. Tàbí kẹ́ ẹ bá àwọn oníṣẹ́ ọnà Ògìdì sọ̀rọ̀, ìlú tí Nike Okundaye ti wá, iṣẹ́ wọn lórí aṣọ nìkan ti tó kọ́fà.

ISBN, ilé ìkàwé àpapọ̀, National Library, ló ń fún èèyàn ní Nàìjíríà, wọ́n ń gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tiyín ni kẹ́ ẹ fi gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀yìn ìwé Nàìjíríà ẹ máa rí 978 lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀rẹ̀, àkọ́kọ́ ti ìwé, ìkejì ti orílẹ̀-èdè wa, bó ṣe bọ́ sí nìyẹn. Ìwé bébà ní tirẹ̀, ìwé orí fóònù ní tirẹ̀. Tí ìwé bá jáde, òfin ní kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá ń wá ohun tí ọmọ Yàgbà kọ.

Ìtẹ̀wé gan-an. Oríṣi méjì ló wà, ti pulétì, páànù tí wọ́n ń ya ojú ìwé sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń pè ní ọ́fùsẹ́ẹ̀tì, owó pulétì wà níbẹ̀ yálà 100 lẹ tẹ̀ tàbí 2,000, nítorí náà ó dọ̀pọ̀ kó tó rọ̀ọ̀yàn lọ́rùn, àti ti dígítà tí kò sí pulétì, tó dáa fún 50, 100, 150. Dígítà ni tiyín fún ìgbà àkọ́kọ́. Tó bá wá di ọ́fùsẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ iwájú, ẹ rántí pé ìwé máa ń wá ní ìdì ojú ìwé 16, tí ìtàn yín bá jẹ́ 165 wọ́n á gbé e lọ sí 176, ẹ gé márùn-ún kúrò kó di 160, owó bébà kù nílẹ̀. Ẹ ò ní láti dé Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí príntà pọ̀ sí, kẹ́ ẹ tó rí príntà, ẹ lè gba Ẹ̀gbẹ́ àti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, Ìbàdàn náà wà, ẹ sì lè ṣe gbogbo ẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n fi wébìlì gbé e wá bá yín ní páàkì. Ilé iṣẹ́ bébà wà ní Jẹ́bà nítòsí wa, ṣùgbọ́n òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ṣì ti ń wá, tí dọ́là bá lọ sókè, príntà náà á pè yín. Ẹ gba iye tí wọ́n bá dá lé e ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí iye náà máa parí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò, owó àpèjúwe ni o, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní ìwé kan jẹ́ ₦2,000 lọ́wọ́ príntà. Ẹ ní ẹ máa tà á ní ₦3,000, ó jọ pé èrè wà. Búkúṣọ́ọ̀bù ní òun á mú 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,200 lọ, ₦1,800 ló kù, ẹ ti fi ₦200 ṣòfò lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì tíì san wébìlì. Tẹ́ ẹ bá tà á ní ₦4,000, èrè yín ní búkúṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦400, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ yín tààrà ó jẹ́ ₦2,000. Àti pé púpọ̀ nínú wọn, tà-kó-o-tó-gbowó ni wọ́n ń bá òǹkọ̀wé ṣe, ẹ ó lọ bèèrè owó yẹn títí ẹsẹ̀ á fi dùn yín. Ìdí tí mo fi ń pariwo orúkọ àti nọ́ńbà fóònù látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ tó ti sanwó ṣáájú ló ń bá yín sanwó príntà.

Fún àwọn tó wà lókè òkun, ìwé orí fóònù. Selar, ọjà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ti Nàìjíríà, èèyàn lè fi náírà ra fáìlì ìwé bíi PDF tàbí EPUB níbẹ̀, wọ́n sì ń gba owó ilẹ̀ òkèèrè. Amazon náà wà, tí ìwé orí fóònù bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, wọ́n lè fún òǹkọ̀wé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sílẹ̀, yàtọ̀ sí ìyẹn 35 ni. Kẹ́ ẹ tó wàhálà lọ síbẹ̀, ẹ ní kí ọmọ yín wo àwọn èdè tí Amazon ń gbà ná, kó sì wo bí owó ṣe máa wọ àkáǹtì yín. Níbi yòówù kẹ́ ẹ fi í sí, ẹ má fi í síbì kan ṣoṣo. OkadaBooks tí àwọn òǹkọ̀wé wa pọ̀ lórí ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kógbá wọlé ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹni tí ò ní fáìlì ẹ̀ lọ́wọ́, tí ò sì mọ orúkọ ẹni tó ra ìwé ẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀.

Ìwé Ìbàdàn àkọ́kọ́ yẹn, ẹ wá àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí jáde. Bí òǹkọ̀wé bá máa gbé gbogbo ẹ̀tọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì, ti ẹnu lásán ò tó lójú òfin, ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ẹ kà á bóyá ó sọ pé tí ìwé bá ti tán lọ́jà fún iye ọdún báyìí, ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ òǹkọ̀wé. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tẹ́ ẹ máa fi ní ẹ̀rí, ẹ ní ẹ ń gba ẹ̀tọ́ yín padà, ẹ fún wọn ní ọjọ́. Bí àdéhùn bá rú yín lójú, kí lọ́yà kà á, kò sí ìdílé Okun tí kò ní lọ́yà kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kí èyí tó yanjú.

Ó ku lọ́ǹṣìn. Ọmọ yín ń rò ó dáadáa, mi ò bá a jà. Lọ́ǹṣìn ń pa owó, àwọn èèyàn wa sì láájò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti jókòó ní irú ẹ̀ rí, ẹ ti rí bí alága ṣe ń ra ìwé kan ní ₦50,000, tó gbé e fún dẹ́rẹ́bà ẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù títí kọ́fà á fi ṣí. Owó yẹn á ti ná tán lórí kúlà àti kánópì kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní kẹ́ ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ tẹ ìwé fún àwọn tó ti kọ orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n kà á, kí wọ́n máa sọ ọ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ wá ṣe lọ́ǹṣìn ní Kérésì tí gbogbo ọmọ ìlú bá wálé, kó jẹ́ àwọn ọmọ iléèwé yín àtijọ́ ló máa dìde ka apá tí wọ́n fẹ́ràn. Àwọn olówó á ṣì wá. Ó máa dùn ún gbọ́ lẹ́nu wọn pé wọ́n ti kà á.

Nǹkan kan tí ẹ ò bèèrè ni mo fẹ́ fi kún un, kẹ́ ẹ má bínú sí mi. Ẹ yan ẹnì kan nínú àwọn ọmọ yín, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló máa bójú tó ìwé yín, ẹ fún un ní gbogbo fáìlì, pásíwọ́ọ̀dù Facebook, í-méèlì tẹ́ ẹ fi gba ISBN, nọ́ńbà àkáǹtì tí owó ìwé ń wọ̀. Kó wà nínú ìwé ìhágún yín gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe wà níbẹ̀. Mo ti rí ìdílé tí fóònù kan ṣoṣo bà jẹ́, tí orúkọ èèyàn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta tó ń ka ìtàn bàbá bá a lọ. Nótúbúùkù orúkọ tí mo ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ yẹn, kó jẹ́ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti kọ 50 àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ fi orí kìíní ránṣẹ́ sí mi, màá kà á, màá sì sọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gé e fún yín.